Sátidé yìí la fẹ́ lọ wo máàpù o

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn wa, ní Sátidé láago mẹ́wàá àárọ̀ la máa pàdé ní Ọláìyá l'Óṣogbo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pẹ́. OpenStreetMap, ìyẹn máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn fúnra wọn ń kọ nǹkan sí, la fẹ́ yẹ̀ wò, ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ n'Ílùú Ọba, ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ àdúgbò ẹ̀ sí i. Èyí tó wù mí jù ni Overpass Turbo, ìyẹn ìkànnì tó ń bá èèyàn wá nǹkan nínú máàpù yìí, tẹ́ẹ bá ní kó wá gbogbo ilé ìwòsàn tó wà l'Óṣogbo, á kó èyí táwọn èèyàn ti kọ síbẹ̀ jáde lórí máàpù, àmọ́ èyí tẹ́nì kankan ò tíì kọ ò ní jáde rárá, ó sì ń dùn mí gan-an, ìlú wa mà ni! A ó fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà Ọba. Ẹ cháàjì fóònù yín, kẹ́ẹ ra dátà.