Ẹ fún Gorée ní odidi ọjọ́ kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹgbẹ́ kan níbí ní Iléṣà ń múra àtilọ sí Dakar, olú-ìlú Senegal, lẹ́yìn Ọdún Tuntun, aládùúgbò mi kan sì fi ìwé ètò ìrìn-àjò náà hàn mí. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á dé ibi tí wọ́n kọ erékùṣù Gorée sí, wákàtí méjì péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n há a sáàárín ọjà aṣọ àti oúnjẹ ọ̀sán. Ìyẹn kò tó rárá.

Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ Gorée. Lóòótọ́, ó kéré. Gígùn rẹ̀ kò tó kìlómítà kan, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èèyàn débẹ̀ láti èbúté Dakar ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà. Kíkéré rẹ̀ yìí ló ń tan àwọn àlejò. Wọ́n á lọ tààrà sí Ilé Àwọn Ẹrú, ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí òwò ẹrú, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn tó kọjú sí òkun, wọ́n á ra ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á padà sínú ọkọ̀.

Òkúta ibẹ̀ ni wọn kì í wò. Apá gúúsù erékùṣù náà ga, Castel ni wọ́n ń pe òkè ọ̀hún. Òkúta dúdú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní basalt ni. Iná inú ilẹ̀ ló yọ́ ọ, tó sì tú u jáde sókè. Bó ṣe ń tutù ló ń súnkì, bó ṣe ń súnkì ló ń sán, sísán náà sì ń wọlé lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí òkúta fi di ọ̀wọ̀n-ọ̀wọ̀n tó dúró tira wọn, onígun márùn-ún, onígun mẹ́fà. Ọmọ ènìyàn kankan kò gbẹ́ ẹ. Òkúta tiwa láti Iléṣà dé Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ooru àti ìwúwo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìlà funfun àti dúdú lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àbúrò pátápátá ni ti Gorée jẹ́ sí i.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkúta yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ilẹ̀ Dakar tó yọrí sínú òkun ló ṣíji bo erékùṣù náà kúrò lọ́wọ́ ìgbì ńlá, ọkọ̀ òkun rí ibi ìdákọ̀ró tó tòrò, ẹni tó bá sì gba orí Castel lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn Pọtogí débẹ̀ ní 1444. Lẹ́yìn wọn, àwọn ará Hólàǹdì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń gbà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òkúta dúdú yìí náà ni wọ́n sì fi mọ púpọ̀ nínú ògiri tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi mí, ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kí páásípọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́. Kó má jẹ́ ọjọ́ Ajé, torí Ilé Àwọn Ẹrú kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, kí wọ́n fi èrò sílẹ̀, kí wọ́n rọra gun Castel kí oòrùn tó mú. Igi osè wà lọ́nà, àwọn ayàwòrán sì ń pàtẹ iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Lókè, wọ́n á bá ìbọn ńlá tó ṣẹ́kù látìgbà ogun. Kí wọ́n jókòó níbẹ̀, kí wọ́n wo òkúta náà dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sún mọ́ etí rẹ̀ o. Ọmọ Òṣómàáló ni wá. Àwọn baba wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi pé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà lóṣòó ti òkúta yìí títí ojú wa yóò fi gbà á tán.

Tó bá di ọ̀sán, kí wọ́n jẹ ẹja, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n wá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú Fort d'Estrées, odi roboto apá àríwá. Ilé Àwọn Ẹrú ni kí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ èrò ti lọ. Ẹni tó ti mọ ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé yóò lè fara balẹ̀ ronú níbẹ̀. Wákàtí méjì kò lè fún un ní èyí.

Àwọn àgbà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà kí wọ́n wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí oníkálùkù gbé omi dání. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn.

Mo gbọ́ pé wọn ò tíì gba owó tán. Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí wọ́n tó san owó ọkọ̀, kí wọ́n lè sún ọjà aṣọ sí ọjọ́ kejì.

Èmi ni,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsọ̀nà, Iléṣà.