Fọ́ọ̀mù Tó Wà Nínú Àpòòwé Yín: Lẹ́tà Ìparí Taàmù Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin alágbàtọ́,

Ọ̀kún o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ká parí taàmù kejì láyọ̀. Ìdánwò ti parí, káàdì èsì wà nínú àpòòwé, ọjọ́ ìwọlé taàmù kẹta sì wà lẹ́yìn káàdì náà. Ẹ̀yin tó ṣì ku owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yín, bọ́sà ti kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá bá a sọ̀rọ̀. A kò ní lé ọmọ jáde lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí owó. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí nǹkan mìíràn ló gba ọkàn mi ní taàmù yìí.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kan ni, èyí tí a fi ń wá ọmọ tí ọkàn tàbí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Nígbà tí taàmù bẹ̀rẹ̀, a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ mẹ́fà kan. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò le: ṣé ọmọ yìí máa ń gbàgbé iṣẹ́ tí ẹ bá rán an? Ṣé ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn? Ṣé ó lè jókòó jẹun tán láìdìde? Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mú ọ̀kan nínú mẹ́rin: rárá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà gbogbo. Fọ́ọ̀mù mẹ́rin ló padà wá. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, “rárá” ni wọ́n mú láti òkè délẹ̀. Bàbá kan tún fi báírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Ọmọ mi kì í ṣe wèrè.”

Mo ka gbólóhùn yẹn tán, mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, ọwọ́ mi ò lọ síṣẹ́ mìíràn mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá yẹn kò ṣẹ̀. Àwa ni a kò ṣàlàyé. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń wá ni àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Ọmọ tó ní in máa ń fẹ́ ṣe dáadáa bí ọmọ yòókù, ṣùgbọ́n ìjánu tó yẹ kó fi kó ọkàn rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ jọ ni kì í tètè dì í mú. Àwọn kan, ọkàn wọn ni kì í dúró sójú kan. Àwọn kan, ara wọn ni kì í balẹ̀, wọ́n á ti dáhùn kí ẹ tó bi wọ́n tán. Àwọn mìíràn, méjèèjì ló pa pọ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́, kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ó máa ń tọ ìdílé wá, bí gíga àti kúkúrú ṣe ń tọ̀ ọ́ wá. Kì í sì í ṣe àṣà tuntun táwọn òyìnbó gbé jáde lánàá: ní 1902 ni dókítà àwọn ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Still, ti dúró níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti ń dùn mí tipẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lójú mi dòní. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ a gún régé bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́rọ. Ìlà kẹrin a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìlà karùn-ún a dúró láàárín ọ̀rọ̀: “Bí àgbẹ̀ kan bá ní ebè…”, ó parí, òfìfo ló kù títí dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ní igun, ó ti ya ọ̀kadà kan, gbogbo sípóòkù táyà rẹ̀ pé, kò dín ọ̀kan. Mo nà án nítorí òfìfo yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò tẹjú mọ́ ọ̀kadà yẹn rí kí n bi ara mi léèrè pé ta ló ya èyí. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní SS 1. Bóyá ADHD ni, bóyá nǹkan mìíràn ni, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi tó yẹ kí n sọ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pàṣán ni mo mú lọ́wọ́.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ADHD hàn. Kò sí fọ́tò orí tó ń fi í hàn. Dókítà lè ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ láti mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn ló wà níbẹ̀, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá sanwó kí òun fi ẹ̀rọ wo orí ọmọ yín kí òun sì sọ bóyá ADHD ni, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ohun tó ń fi í hàn ni ẹ̀rí àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ náà.

Ìwé ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ ń tẹ̀lé, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2013, to àmì mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún àìlèfọkànsí, ó sì to mẹ́sàn-án fún àìfarabalẹ̀ àti ìwàǹwára. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán mẹ́fà nínú ọ̀wọ́ kan; ẹni tó bá ti pé ọdún 17, márùn-ún tó. Àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà, kó sì ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí ọmọ náà lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ó tó pé ọdún 12. Ó gbọ́dọ̀ máa dí ọmọ náà lọ́wọ́ gan-an. Èyí tó kàn wá jù nìyí: ó gbọ́dọ̀ hàn ní ibi méjì ó kéré tán, bí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé kíláàsì ìṣirò nìkan ló ti ń ṣe wàhálà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo olùkọ́ ìṣirò.

Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí fọ́ọ̀mù tí àwa olùkọ́ kọ nílé-ẹ̀kọ́ bá dé iwájú dókítà, tí tilé sì jẹ́ “rárá, rárá, rárá”, ẹjọ́ ẹnìkan ló wà níwájú rẹ̀. Kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á sì padà wá jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn nìyẹn.

Ti àwọn ọ̀dọ́ tún le díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 12, 13, eré sísá àti gígun orí àga máa ń dín kù. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ni ara tó ń yún un láti inú, iṣẹ́ tí kò parí, ìwé tó sọnù, ìbínú òjijì. Olùkọ́ mẹ́wàá ló ń rí i lọ́jọ́ kan, ẹnìkan nínú wọn kì í rí i tán. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fẹ́ gbọ́ láti ẹnu olùkọ́ méjì, ó kéré tán. Ó tún máa ń bá ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí òbí níbẹ̀, láti mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ tàbí ìbẹ̀rù ló gbé e mì, tàbí ó ti ń fọwọ́ kan oògùn olóró. Torí pé wọ́n ní láti mọ bó ṣe rí kó tó pé 12, ẹ bá mi wá káàdì èsì rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí eku ti jẹ létí. “Ó ń sọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì,” “Ì bá ṣe jù báyìí lọ bó bá fara balẹ̀”: ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ Pírámárì 2 kọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún lè jẹ́ ẹ̀rí tó tóbi jù nínú fáìlì náà.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kì í fọkàn síṣẹ́ ló ní ADHD o. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ kan wà tí gbogbo wa ti gbà pé aláìgbọràn ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò mira. Etí rẹ̀ ti ń ṣọyún láti kékeré, òwú ni wọ́n ń fi sí i nílé. Ìjókòó iwájú àti ìtọ́jú etí ló nílò. Ọmọbìnrin kan tún wà tó ń sùn lórí tábìlì; aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí láti lọ ẹ̀wà àkàrà. Lásìkò kajú yìí, mo mọ iye ọmọ tó ń ti abẹ́ igi kajú bọ̀ kí wọ́n tó dé ibi ìtò àárọ̀. Irú wárápá kan sì wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú: á kàn tẹjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ pè é kò gbọ́, lẹ́yìn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú tí kò ríran dáadáa, àìtó ẹ̀jẹ̀, ọ̀fọ̀ nínú ilé, gbogbo rẹ̀ ni dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kó tó fi orúkọ kankan sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sáré fi ọmọ kéékèèké sí JSS 1. Ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fi hàn pé ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì ni wọ́n máa ń tètè sọ pé ó ní ADHD, nígbà tó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ló ń dà á láàmú. Ọmọ ọdún 9 láàárín àwọn ọmọ ọdún 12 kò lè ṣàìmáa wo fèrèsé.

Àwọn ọmọbìnrin ń kọ mí lóminú jù. Ọmọkùnrin tó ń fo àga, gbogbo ayé ló rí i. Ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ti rìn dé Lọ́kọ́ja, ta ló máa kíyè sí i? Ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Kàbà wá bá mi pé, “Mà, kì í jà, kì í parọ́, àmọ́ bí mo bá rán an ní nǹkan mẹ́ta, ọ̀kan ló ń mú bọ̀, á wá máa sunkún.” Ìyá yẹn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ yẹn wúlò ju ojú ewé mẹ́wàá tí àwa kọ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe kọ fọ́ọ̀mù yín. Ẹ má ro ti àná nìkan, ẹ ro oṣù mẹ́fà tó kọjá. Ẹ fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń lọ yunifásítì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí bàbá àti ìyá wà ní Àbújá tàbí Èkó. Ẹni tó ń jí ọmọ láàárọ̀ ni kó dáhùn fọ́ọ̀mù. Bí ìyá àgbà kò bá lè kà á, olùkọ́ kan yóò wá kà á fún wọn ní èdè wa, yálà Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń sọ, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, yóò sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́lẹ́.

Ẹ ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, Jẹ́nẹ́rà ní Kàbà, tàbí ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ fún ẹ̀yin ará Yàgbà, kí wọ́n yẹ etí, ojú àti ẹ̀jẹ̀ wò. Bí wọn kò bá rí ìdí rẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò kọ lẹ́tà fún yín sí dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé, ní ilé ìwòsàn yunifásítì bí ti Ìlọrin tàbí UCH Ìbàdàn. Ẹ má retí abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọn yóò bá yín sọ, yóò sì pẹ́: bí oyún rẹ̀ ṣe rí, ìgbà tó kọ́kọ́ rìn, bóyá gìrì ti mú un rí, ta ló jọ ọ́ nínú ẹbí. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, káàdì èsì àti fọ́ọ̀mù méjèèjì dání. Bó bá sì jẹ́ ADHD, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń lo oògùn. Fún èyí tí kò tíì pé ọdún 6, kíkọ́ àwọn òbí bí wọ́n á ṣe máa darí rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n so ọmọ kankan mọ́lẹ̀ tàbí wọ́n nà án nítorí ìtúsílẹ̀.

Mo ṣèlérí nǹkan wọ̀nyí, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo olùkọ́. A kò ní lé ọmọ kankan nítorí ohun tí ẹ bá kọ. Fọ́ọ̀mù náà kò ní sí nínú káàdì èsì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló máa wà, èmi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, nítorí náà kò sí olùkọ́ tó gbọ́dọ̀ pe ọmọ ní “ADHD” tàbí “olódo”. A kò sì ní na ọmọ mọ́ nítorí iṣẹ́ tí kò parí.

Fọ́ọ̀mù tuntun wà nínú àpòòwé àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a ti lẹ̀ ẹ́ pa. Òbí mìíràn tó bá fẹ́ gbà á, kó wá bá mi. Mo máa wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì ìsinmi, láti aago mẹ́sàn-án dé ọ̀sán. Bàbá tó kọ gbólóhùn yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá. Èmi ni n ó wá kí yín nílé, n ó sì mú ìwé iṣẹ́ ọmọ yín dání ká jọ wò ó.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́