Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí wọ́n sin Homer Simpson

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ọ̀kun o. Ẹ kú iṣẹ́ Abuja. Àlàáfíà la wà ní Mọ̀pà níbí. Àwọn ọmọ ń kí yín, Màámi sì ní kí n béèrè bóyá ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé. Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó yá, ẹ jẹ́ ká jà.

Ẹ ní The Simpsons, kátúùnù Amẹ́ríkà nípa Homer, Marge ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta, Bart, Lisa àti Maggie, ti kú láti nǹkan bí 1998, pé òkú ni wọ́n ń gbé kiri lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà náà, àti pé ẹni tó bá ní ojú àánú á sin ín. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n n kò gbà. Kíkọ ni mo kọ èsì mi, nítorí bí mo bá ń bá yín jiyàn lójúkojú, ohùn ẹ̀gbọ́n lẹ máa fi ń bò mí mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe pẹ́ tó. Eré péépèèpé tí wọ́n ń fi sáàárín ètò The Tracey Ullman Show ní 1987 ló ti bẹ̀rẹ̀. Matt Groening tó dá a sílẹ̀ fi orúkọ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì sọ àwọn ará ilé náà; Bart nìkan ni kò ti ilé rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1989 ló di eré tó dá dúró lórí tẹlifíṣọ̀n Fox. Nígbà yẹn, Kwara la wà! Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. A kúrò ní Kwara, a di ará Kogi, gómìnà wá, gómìnà lọ, ọ̀nà Kàbbà bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó tún bàjẹ́, Bart ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lisa kò kúrò ní mẹ́jọ. Ní 2018, iye apá rẹ̀ ré kọjá 635 tí Gunsmoke ní, eré àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2025 wọ́n tún fún un ní àyè dé sáà 40.

Mo ti ń gbọ́ yín: pé nǹkan pẹ́ kò ní kó dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń dá pípẹ́ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ohun tó ba eré yẹn jẹ́ lójú tèmi kì í ṣe pípẹ́ rárá.

Ẹ rántí apá tí wọ́n ń pè ní "The Way We Was"? Ní 1991 ni wọ́n ṣe é. Ibẹ̀ la ti rí i pé ilé ẹ̀kọ́ girama ni Homer àti Marge ti pàdé, ní 1974. Ó bá ìṣirò mu dáadáa. Lẹ́yìn náà ni 2008 dé, wọ́n gbé "That '90s Show" jáde, wọ́n wá ní àárín àwọn ọdún 1990 ni tọkọtaya náà ń fẹ́ra wọn, tí wọn kò tíì bímọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn gan-an, àwa ti ń wo ọmọ mẹ́ta nílé wọn!

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Mọ̀pà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í ka ọdún fún yín. Wọ́n á ní, "Ẹgbẹ́ bàbá lágbájá ni mí." Ẹgbẹ́ ni ìwé ọjọ́ orí wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bọ́ sí òmíràn. Homer tó jẹ́ ẹgbẹ́ Bàbá wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wò ó ti di ẹgbẹ́ yín báyìí. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ á máa dọ̀bálẹ̀ kí mi. Kí ọmọ má dàgbà, mo lè fara mọ́ ọn, kátúùnù ni. Kí wọ́n wá yọ àná ènìyàn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ti Skinner, ọ̀gá ilé ìwé Bart. Ní oṣù Kẹsàn-án 1997, wọ́n ní kì í ṣe Skinner ni Skinner, pé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Armin Tamzarian ló gba orúkọ àti ìyá Skinner gidi. Ní ìparí, adájọ́ dá orúkọ náà padà fún un, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo rò pé láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí yín, ẹ kàn ń ka gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn ni.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Amẹ́ríkà díẹ̀. Bí pípẹ́ bá ń pa eré, Sazae-san ti yẹ kó jẹrà. Kátúùnù ará Japan ni, ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1969 ló bẹ̀rẹ̀, ogun Biafra ṣì ń jà níbí. Títí di òní, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbé e jáde. Midori Katō tó fọhùn Sazae lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì ń fọhùn rẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Bóyá ọmọ sá fún iṣẹ́ àṣetiléwá, bàbá bínú, ìyá se oúnjẹ, ológbò jí ẹja. Ó tán. Kò sí ẹni tó ní fóònù alágbèéká nínú ilé náà, fóònù tí wọ́n ń fi ìka yí ni wọ́n ń lò. Àwọn ará Japan tiẹ̀ ní orúkọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń mú òṣìṣẹ́ nígbà tí eré náà bá parí, tó bá rántí pé ọ̀la ni Mọ́ńdè. Eré tó ti wọ inú ọ̀sẹ̀ àwọn ènìyàn lọ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bi í bóyá ó ṣì tuntun? Kò ṣèlérí ìtuntun fún ẹnikẹ́ni rí.

South Park, kátúùnù àgbà ti Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Láti 1997 ni Trey Parker àti Matt Stone ti ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ apá rẹ̀, láti orí ìwé títí dé orí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí apá kan The Simpsons máa ń gba oṣù mélòó kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́ńdè lè di ẹ̀fẹ̀ ní Wẹ́sìdè. Ní oṣù Kẹwàá 2013, wọn kò rí ọ̀kan parí lásìkò, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ẹ mọ ohun tó dí wọn lọ́wọ́? Iná lọ! Ní Amẹ́ríkà! Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ ìfaradà lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbé apá kan tó ti tó ọdún mẹ́wàá wò lónìí. Ìdajì ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀, àfi kí ènìyàn wá àlàyé sí i. Òṣèlú tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti kúrò nípò, aáwọ̀ tó gbóná nígbà náà ti tutù. Eré tó ń jẹ ìròyìn ọ̀sẹ̀ máa ń bá ìròyìn ọ̀sẹ̀ gbó ni.

Ti SpongeBob, kátúùnù ọmọdé, kò yẹ kó wọ inú ìjà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1999 lòun náà bẹ̀rẹ̀. Stephen Hillenburg tó dá a sílẹ̀ ti jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun rí. Ó kú ní 2018, eré náà ń lọ. Àbígbẹ̀yìn mi ń wò ó báyìí lórí fóònù mi, ó ń jẹ dátà bí iná. Lójú rẹ̀, àná ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Eré ọmọdé ní àǹfààní kan: ọdọọdún ni wọ́n ń bí òǹwòran tuntun fún un. Eré àgbà kò rí irú rẹ̀. Àwa kan náà ló ń wò ó, à ń sanra, orí ń hewú, a sì ń retí pé kó mú wa rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí a ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá, tí ẹnì kan wà níta tó ń yí antẹ́nà, tó ń pariwo pé, "Ṣó ti mọ́?"

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ohùn. Obìnrin tó ń fọhùn Bart láti 1987 ni Nancy Cartwright, 1957 ni wọ́n bí i. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ pé obìnrin tó ti dàgbà ju ìyá wọn lọ ló ń sọ̀rọ̀ nínú Bart, wọ́n ní irọ́ ni. Egúngún náà nìyẹn: aṣọ là ń rí, ohùn là ń gbọ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń dàgbà, a kì í sì í béèrè. (Obìnrin ni mí, n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Ẹ̀ ń ṣàròyé pé ohùn Marge ti há. Bẹ́ẹ̀ ni, Julie Kavner tó ń fọhùn rẹ̀ ti dàgbà. Èmi fẹ́ràn ohùn náà bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ti ń pariwo lé Bart lórí láti 1989, ohùn wo lẹ fẹ́ kó ní?

Nígbà tí Marcia Wallace kú ní oṣù Kẹwàá 2013, ẹni tó ń fọhùn Krabappel, olùkọ́ Bart, wọn kò wá ẹlòmíràn sí i. Wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ náà lọ. Ẹ rántí pé nínú àfihàn ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, Bart sábà máa ń kọ gbólóhùn ìyà sójú pátákó ní àkọtúnkọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bart kọ gbólóhùn kan: A ó ṣàárò yín gan-an, Mrs. K. Bọ̀ọ̀dá mi, 2013 nìyẹn, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí ẹ ní ó kú. Ibi tí eré yìí bá ti jẹ́wọ́ pé òun ní àná, pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò sí mọ́, kò sí ohun tó tuntun jù ú lọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má sọ fún mi pé píparí ló sàn jù. Lóòótọ́, Arthur, kátúùnù ọmọdé kan, parí dáadáa ní 2022, wọ́n fi àwọn ọmọ náà hàn wá bí wọ́n ti dàgbà. Wọ́n jẹ́ kí Ash, ọmọ inú kátúùnù Pokémon ti Japan, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún kan náà, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọdún mẹ́wàá rẹ̀ lára. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di òfin.

Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí ni pé a kò ní tiwa tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa jà lé e lórí. Adamu Waziri ti gbìyànjú, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn kátúùnù Bino and Fino tó ṣe ní Abuja níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni kátúùnù ń gbà, ẹni tó bá sì ní owó náà nílùú wa, hòtẹ́ẹ̀lì ló máa fi kọ́. Ì bá wù mí kí ọmọ Yàgbà kan máa ráhùn pé kátúùnù ilé wa ti gbó.

Tí ẹ bá ń bọ̀ fún Kérésì, ẹ kó sáà kẹta dé ìkẹjọ sínú hard drive yín, àwọn ọmọ tó ń kó fíìmù sí mẹ́mórì lọ́jà kò ní in. Èmi ti gba "Bart's Birthday" ti 2024 sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe bí ẹni pé eré ti parí pátápátá, tí gbogbo ìlú ń dá gbére, tí Bart nìkan sì ń wò wọ́n bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó parí, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀. A ó jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fóònù yín á wà lọ́wọ́ Màámi. Lẹ́yìn náà, ẹ lè wí tẹnu yín.

Àbúrò yín ní Mọ̀pà.