Lẹ́tà sí Àkànbí: Ohun tó yẹ ní fífà tu àti ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn

Agbowó,
Ìbàdàn.

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìbàdàn wà bó o ṣe fi í sílẹ̀.

O ní o fẹ́ ṣèrànwọ́ fún Anza-Borrego, páàkì aṣálẹ̀ tó wà lágbègbè yín ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, o sì ń bi mí bóyá owó ló yẹ kó o fi ránṣẹ́. Owó dára. Láti ọdún 1967 ni Anza-Borrego Foundation ti ń ra ilẹ̀ onílẹ̀ tó wà láàárín páàkì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́lé sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí: ohun tó yẹ kó fà tu, àti ohun tí kò gbọdọ̀ kàn rárá.

Èpò kan tí wọ́n ń pè ní músítádì Sàhárà ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá ló ti wá. Ohun tí ewé Akíntọ́lá fi ojú oko wa rí náà ló ń fi ojú aṣálẹ̀ yẹn rí. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kì í sábà pé 200 mm, nígbà tí ti Ìbàdàn lé ní 1,200. Ìwọ̀nba tó bá sì rọ̀ nígbà òtútù, músítádì ló ń kọ́kọ́ hù. Kí òdòdó ìbílẹ̀ tó yọjú, ó ti mu omi tán, ó ti fewé bo ilẹ̀. Bó bá gbẹ, iná rí nǹkan jẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ igi aṣálẹ̀ kò lè fara da iná.

Láàárín January sí March ni iṣẹ́ náà. Ewé rẹ̀ tẹ́ mọ́lẹ̀ yíká, ó ń họni lára, òdòdó rẹ̀ kéékèèké, àwọ̀ yẹ́lò tó ṣá. Wọ ìbọ̀wọ́. Dì í mú nídìí, níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an, kó o fà á sókè tààrà kí gbòǹgbò lè bá a jáde. Òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dì mú. Á já lọ́rùn, á sì tún rú. Ẹ̀yìn òjò ló rọrùn jù. Bí kò bá tíì so, fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó gbẹ, kí gbòǹgbò kọjú sóòrùn. Bó bá ti so, ì báà jẹ́ èso tútù, inú àpò tó nípọn ni kó o kó o sí, kó o gbé e jáde, torí èso náà lè gbó lẹ́yìn tó o ti fà á. Ìdí kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró, hóró ọ̀hún á sì wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ojú kan náà ni ẹ ó máa padà sí. Bí omi bá kan hóró náà, á máa yọ̀, á lẹ̀ mọ́ táyà àti bàtà. Fọ méjèèjì kó o tó kúrò.

Má dá lọ o. Láìgbàṣẹ, ewéko kankan kò ṣeé fà níbẹ̀, àwọn ti ìbílẹ̀ kan sì jọ músítádì. Bá àwọn olùyọ̀ǹda tí òṣìṣẹ́ páàkì ń darí lọ.

Ní ti ohun tí a kì í fọwọ́ kàn: àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Kumeyaay àti Cahuilla ló ni ilẹ̀ yẹn kí páàkì tó dé, wọ́n sì wà láyé títí di òní, wọn kì í ṣe ará àtijọ́ nìkan. Ihò tí wọ́n ti ń gún èso igi mesquite àti hóró koríko ṣì wà lójú àpáta. Má gún nǹkan kan nínú rẹ̀ láti dán an wò. Òróró ara ọwọ́ ń ba àwòrán tí wọ́n kùn sára òkúta jẹ́. Má fi ẹfun tọ ìlà rẹ̀ kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀, má sì gbé ibi tó wà sórí Facebook, torí àwọn olè náà ń kà á. Bó o bá rí àpáàdì, má mú un. Fi owó onírin kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìtóbi rẹ̀ lè hàn, ya fọ́tò, kọ ibi tó wà sílẹ̀, kó o sọ fún òṣìṣẹ́ páàkì. Eérú, egungun àti ọlọ tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, àpáàdì lásán ni.

O tún béèrè nípa kíka iye àgùntàn igbó orí òkè, èyí tí Amẹ́ríkà kọ sára ẹranko tó lè run láti 1998. Láti 1971 ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń jókòó tì orísun omi ní nǹkan bí July 4, wọ́n ń kọ àgbò, abo àti ọmọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n mú ìgbà yẹn torí ooru ló ń lé àgùntàn wá mu omi. Ooru ọ̀hún máa ń kọjá 40°C. Lítà omi 4 fún ẹnì kan lójúmọ́ ni ìwọ̀n ọjọ́ tó tutù. Ti July ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lójú tèmi, kọ́kọ́ fi músítádì bẹ̀rẹ̀. Má sì mú ajá yín dání, wọn kì í jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àgùntàn.

Tètè kọ orúkọ sílẹ̀ kí January tó dé. Bá mi kí Ìyá Bọ́lá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjàní