Ilé Ọlọ́lá Kan ní Abúlé Faransé àti Àwọn Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òṣogbo

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ilé ìdílé ni mo fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé kọjá kí n tó dé Òṣogbo, nítorí èdè Faransé ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì.

Chavaniac-Lafayette ni wọ́n ń pe abúlé náà, ní agbègbè Haute-Loire. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju bí 300 lọ. Agboolé mìíràn wà níhìn-ín tí èrò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ilé ńlá olókùúta kan tí ó ní ilé ìṣọ́ roboto méjì, níbi tí wọ́n ti bí Gilbert du Motier, ọ̀gágun Faransé tí ó bá àwọn ará Amẹ́ríkà jà fún òmìnira wọn, ẹni tí ayé mọ̀ sí Lafayette, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1757. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí wọ́n fi pa bàbá rẹ̀ lójú ogun Minden ní Jámánì, inú ilé yìí ni ìyá rẹ̀ àgbà sì ti tọ́ ọ. Nígbà tí ó wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹranko kan ń pa àwọn ará oko jẹ ní sàkáání ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà pé bí òun bá ń rìn kiri inú igbó, ẹranko náà gan-an ni òun ń retí láti bá pàdé.

Ní ọdún 1783, irè oko kò ṣe dáadáa níbẹ̀, àká Lafayette sì kún. Wọ́n ní alámòójútó rẹ̀ sọ fún un pé ọkà ti wọ́n, pé àsìkò àtità ti tó. Ó ní rárá, àsìkò àtifúnni ló tó. Mo mọ̀ pé ìtàn àwọn ọlọ́lá a máa ní iyọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ní 1884, nígbà tí ó ti kú fún àádọ́ta ọdún, abúlé yìí fi orúkọ rẹ̀ kún tirẹ̀.

Oyè ìdílé náà ti parẹ́ kí ó tó dìgbà yẹn. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1790, ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fagi lé oyè àjogúnbá, Lafayette sì wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé dúró. Nígbà tí ìdílé tà á ní 1916, àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n rà á kò wó o. Wọ́n sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú àwọn ọmọdé, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ìjọba agbègbè náà ní 2009.

Lọ́dọ̀ tiwa, oyè wà digbí, ilé ni kò dúró. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa àgbà fi owó kòkó kọ́, àwa ọmọ-ọmọ ni a jókòó tí a pín in ní yàrá-yàrá, tí a tà á. Èmi náà tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹni tí ó rà á fi wó o, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo fún àwọn lébìrà lówó kí wọ́n yọ abala ilẹ̀kùn kan fún mi, èyí tí a máa ń yọjú níhò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wo àlejò bàbá àgbà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ló fara ti.

Ilé tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria nì, gbé ní òpópónà Ìbòkun ń gba àlejò títí di òní, ẹni tí a kò bí ní Òṣogbo sì ni obìnrin náà. Kí ló dé tí ti àwa onílé kò lè rí bẹ́ẹ̀? Mo ń bẹ àwọn ìdílé tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n tó pín yàrá, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ìjọba ìbílẹ̀ jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé yìí kò ní jẹ́ títà, kí wọ́n sì ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún aráàlú, ìbáà ṣe ilé ìkàwé, ìbáà ṣe ibi tí àwọn aláró yóò ti máa kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ìdílé tí ó bá kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n wá gba abala ilẹ̀kùn yẹn lọ́wọ́ mi. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.