Ìgbìmọ̀ Àṣà Kì í Ṣe Owó Ọ̀yà Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe ń yan àwọn tí ń ṣàkóso ìgbìmọ̀ àṣà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ìdìbò bá ti parí tí ipò kọmíṣánnà kò sì kárí, ìgbìmọ̀ yìí ni wọ́n ń fi tu àwọn tó sáré fún ẹgbẹ́ nínú, bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ gidi níbẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni. UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé láti ọdún 2005, wọ́n sì ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà nínú ogún àtẹnudẹ́nu ọmọ aráyé ṣáájú ìyẹn, ní 2001. Ta ni yóò wá tọ́jú wọn?

Mo dé yàrá ìkẹ́rùsí ìgbìmọ̀ kan, níbi tí ikán ti jẹ etí kan tán lára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí òṣìṣẹ́ obìnrin kan sì ń fi ọwọ̀ gbá ìyẹ̀fun igi náà jọ sínú bébà. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti kọ̀wé béèrè oògùn ikán. Ó dùn mí wọra.

Mi ò sọ pé olóṣèlú kò lè mọ àṣà. Àwọn kan mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òfin ya ó kéré tán ìdajì àga ìgbìmọ̀ sọ́tọ̀ fún agbẹ́gilére, òṣèré, onímọ̀ ìtàn àti àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ilé aṣòfin fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní gbangba, kí sáà wọn má sì bá ti gómìnà parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn