Àṣàkẹ́, ìwọ kọ́ lo pa Àlàájà

Òkè-Àdó, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò

Àṣàkẹ́ mi,

O kú ìrọ́jú o. O kú ara fẹ́ra kù. Mo mọ̀ pé irú ìkíni báyìí ti kún etí rẹ láti ogójì ọjọ́ wá, síbẹ̀ n kò lè kọ̀wé sí ọ kí n má kí ọ bí wọ́n ṣe ń kíni nílé. A ṣe fidau ogójì ọjọ́ lánàá. Àwọn ará ọjà Òjé wá, ilé kún, wọ́n sì ní kí n bá wọn kí ọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní, “Èmi ni mo pa ìyá mi.” O ní ká ní o tètè fowó ránṣẹ́ ni, ká ní o wálé lọ́dún tó kọjá, ká ní o béèrè dáadáa nígbà tí wọ́n sọ lórí fóònù pé ara ń ro àwọn díẹ̀. Mo fẹ́ pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ẹkún ni yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo wà níbẹ̀, ìwọ kò sí níbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ kó fún ọ, kí o má baà máa fi ohun tí ojú rẹ kò rí dá ara rẹ lẹ́bi.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwọ kò mọ̀. Kókó yẹn ti wà nínú ọmú Àlàájà ju ọdún kan lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́. Ọmú òsì ni, lápá abíyá. Wọ́n ní kò dun àwọn. Ohun tí kò bá dun èèyàn, ta ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn? Bí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń tanni jẹ nìyẹn, torí níbẹ̀rẹ̀ kì í sábà dunni. Ìgbà tí awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí èèpo ọsàn ni wọ́n tó yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Ẹni tó wò wọ́n níbẹ̀ ní eéwo ni. Ó fún wọn ní kápúsù. Nígbà tí wọ́n padà lọ, ó tún fún wọn ní òmíràn. Oṣù mẹ́fà lọ síbẹ̀, inú ṣì ń bí mi sí i bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn àgbo ni, lẹ́yìn àgbo ètùtù, nítorí ẹnì kan lọ́jà ti sọ fún wọn pé ọ̀tá ló fi ránṣẹ́ sí wọn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Àṣàkẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru nílùú òyìnbó, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, kí n wá gbé egbò mi lé e lórí?” Ṣé o gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ? Ìyá rẹ ló fi pa mọ́ fún ọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó bá Àlàájà náà ọjà rí mọ̀ pé ohun tí wọn kò bá fẹ́ kí o mọ̀, o kò ní mọ̀ ọ́n. O béèrè títí ó fi rẹ̀ ọ́. Wọ́n ní ìbà ni.

Ní ti owó, ọjọ́ kẹta tí o gbọ́ ni tìrẹ dé. Òun la fi sanwó ibi tí wọ́n ti gé díẹ̀ nínú ẹran ara wọn lọ fi ṣàyẹ̀wò, òun la fi ṣe síkáànù tó ń ya àwòrán inú ara, òun la fi gba oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní kẹ́mò lẹ́ẹ̀mẹrin àkọ́kọ́. Àmọ́ síkáànù yẹn ti fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn. Èmi ni mo jókòó níwájú dókítà lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé tí a bá gbé wọn dé Íńdíà ńkọ́? Ó ní kí a fi owó náà mú kí ara tù wọ́n nílé. Àṣàkẹ́, agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi lówó, ó lókìkí, ó gbàtọ́jú dé Lọ́ńdọ̀nù, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló gbé e lọ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Lóṣù Kejìlá ọdún náà ni Maryam Babangida, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí rí, kú sí Los Angeles, jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni tirẹ̀. N kò sọ èyí kí ikú ẹlòmíì lè tù ọ́ nínú. Kò sí ẹni tí ìyẹn ń tù nínú. Mo sọ ọ́ kí o lè sọ ẹrù owó yẹn kalẹ̀.

Wàá rò pé ìrora ló fìyà jẹ wọ́n jù. Rárá o, òórùn ni. Nígbà tí egbò náà là tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, o sì mọ Àlàájà tí kì í jáde láìfi lọ́fínńdà sára, tí aṣọ òkè tí wọ́n bá kó sílẹ̀ lọ́jà pàápàá ń ta sánsán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyàwó lèmọ́ọ̀mù wá, wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n ti jọ tajà fún ọgbọ̀n ọdún dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí wọn láti ìta, wọ́n sì padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní kí n má jókòó sún mọ́ àwọn mọ́. Èmi tí wọ́n bọ́ ní àmàlà láti kékeré!

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn UCH, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ìrora, ló yọ wá. Ó ní kí n ra Flagyl, oògùn inú rírun tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, kí n lọ̀ ọ́ kúnná, kí n fi omi iyọ̀ fọ egbò náà, kí n wá wọ́n ọn sójú rẹ̀ kí n tó fi báńdéèjì dì í. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn náà dínkù. Lọ́jọ́ kẹfà, Àlàájà ní kí n ṣí fèrèsé. Wọ́n ní kí n bá àwọn wé gèlè, kí n ránṣẹ́ sí àwọn ará Òjé pé kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n sì wá. Mo fẹ́ kí o rí ọjọ́ yẹn. Obìnrin méje jókòó sórí ẹní àti sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń jiyàn lórí iye tí àlàárì ti dà. Ọkùnrin ahunṣọ kan tó ti Ìsẹ́yìn wá mú ìdì kan jáde, ó ní sányán ni. Àlàájà di ojú, wọ́n fi ìka méjì ra aṣọ náà, wọ́n ní, “Òwú wà nínú èyí. Kì í ṣe òwú kòkòrò nìkan.” Ilé bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́. Wọ́n ṣì mọṣẹ́ wọn, Àṣàkẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí wọ́n tó lọ ni o.

Ìrora náà wá ní tirẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Egungun ẹ̀yìn ni, lóru pàápàá. Nọ́ọ̀sì yẹn fún wa ní mọ́fíìnì olómi. Bàbá kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Wọ́n ní oògùn àwọn ọmọ ìta ni, pé yóò tètè pa Àlàájà. Nọ́ọ̀sì náà jókòó, ó ṣàlàyé pé a kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ìrora bá pariwo. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni, kí a fún wọn kí ìrora tó jí. Ó fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ tì í, torí mọ́fíìnì máa ń dè èèyàn nínú. Mo yí aago fóònù mi sí i, aago mẹ́fà, aago mẹ́wàá, aago méjì, bẹ́ẹ̀ títí. Lóru kejì, Àlàájà sùn di àfẹ̀mọ́júmọ́, ohun tí wọn kò ṣe fún oṣù méjì. Èmi ni n kò sùn. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń gbọ́ èémí wọn.

Nọ́ọ̀sì náà ló sọ ibi tí ọgbọ́n yẹn ti wá fún mi, ó sì yà mí lẹ́nu: Sydenham ní Lọ́ńdọ̀nù ni, níbi tí bọ́ọ̀sì rẹ ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́! Ó ní Cicely Saunders, obìnrin tó ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ló dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1967, fún àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa fi aago fúnni ní oògùn ìrora, àti pé ìrora aláìsàn kì í mọ sí ara nìkan, ọkàn náà ń ro ó, ọ̀rọ̀ ẹbí ń ro ó. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa òun náà lọ́dún 2005, inú ilé yẹn gan-an ló sì kú sí. Nígbà mìíràn tí bọ́ọ̀sì bá gbé ọ kọjá, gbójú sókè. Ohun tó jẹ́ kí ìyá rẹ sùn, ẹ̀bá ọ̀nà rẹ ló ti wá.

Kí wọ́n tó kírun àsùbáà lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lọ. Kò sí ariwo. Mo di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ di òsì, ó ń ka kálímà sí wọn létí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ti sin wọ́n. O mọ bí ẹ̀sìn yín ṣe rí. Ká tiẹ̀ ní ìwé rẹ wà lọ́wọ́ rẹ, tí o sì bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú ní wákàtí tí mo pè ọ́, ilẹ̀ ti bò wọ́n kí o tó dé Ìbàdàn. Fídíò tó ń gbọ̀n tí o wò yẹn, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Má bínú sí mi.

Mo gbọ́ pé àwọn kan níbẹ̀ ń sọ fún ọ pé o kò gbọ́dọ̀ sunkún, pé ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í ṣe kékeré, pé ọmọ ló sin wọ́n. Òótọ́ ni pé ọmọ ló sin wọ́n. Àmọ́ ta ló sọ pé ìyá àgbà kì í ṣe ìyá? Sunkún rẹ. Jẹun pẹ̀lú, kí o sì dín iṣẹ́ òru kù fún oṣù yìí bí wọ́n bá gbà fún ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ wá rárá ni ó rọrùn fún ọ láti bá sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Cruse. Láti ọdún 1959 ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn àwọn tó ṣọ̀fọ̀. Kì í ṣe àrùn ọpọlọ ló ń gbéni débẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Àlàájà ló fi rán mi. Mo ti ń gbé e kiri láti ogójì ọjọ́, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Lóru kan wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣé mo mọ àbúrò wọn obìnrin tó kú sí Ìwó. Mo ní mo kàn gbọ́ ọ ni. Wọ́n ní kò tíì pé ogójì ọdún, aṣọ ló máa ń dì mọ́ àyà, gbogbo ilé ní ayé ló ṣe é. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, “Èyí tó ń ṣe mí yìí náà ni. Sọ fún Àṣàkẹ́. Kí ó má fi pa mọ́ bí tèmi.”

Jọ̀ọ́, lọ sọ fún dókítà rẹ: ìyá rẹ, àti àbúrò ìyá rẹ tó kú kó tó pé ogójì. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àádọ́ta ọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn obìnrin fún àyẹ̀wò ọmú níbẹ̀. Ìwọ àti èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, má dúró de ìwé wọn. N kò sọ pé yóò ṣe ọ́ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í jogún rẹ̀. Àmọ́ irú èyí tó ń bá ìdílé rìn wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbí ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀ lára àwọn obìnrin wa. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara mi wò lóṣooṣù, nígbà tí nǹkan oṣù bá ti parí.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ní ìdì kan lọ́wọ́ fún ọ. Ìró àti ìborùn sányán tí Àlàájà kì í tà ni, èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Wọ́n ní ojúlówó ni, kò sí òwú nínú rẹ̀. N kò fọ̀ ọ́, n kò sá a sóòrùn. Lọ́fínńdà wọn ṣì wà lára rẹ̀.

Tí o bá gbà á tán, pè mí, ìgbà yòówù kó jẹ́ lóru. Ká jọ sunkún. Èmi náà kò tíì sun tèmi tán.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà aṣọ ilé ìwé.